Àwọn Ọjọ́ Tí Ọrùn Mi Ń Ta Ìtànṣán

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ariwo má baà pọ̀ jù: mi ò gbé bọ́ǹbù wọ Abẹ́òkúta. Èyí tí wọ́n ń sọ kiri láti Kemta dé Ṣàpọ́n pé ẹ̀rọ ké lé mi lórí ní pápákọ̀ òfúrufú, òótọ́ ni. Pé àwọn agbófinró yí mi ká, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ní mò ń tàn yanran nínú òkùnkùn, irọ́ ni. Ọkọ mi wà láàyè, ẹ lọ bi í. Èmi Sidikátù tó ń ta pẹ́ẹ̀ǹtì ní Ṣàpọ́n ni mo lọ, èmi náà ni mo bọ̀, ẹnu ara mi ni mo sì máa fi rò ó.

Ara tó ń sáré

Kí n tó lọ, mo lè jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga kí àyà mi máa lù kìkìkì bí ẹni tó sáré gun Olúmọ. Mò ń jẹun bí àgbẹ̀, mo sì ń rù bí igi ìṣáná. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Oníbàárà ní kí n bá òun po búlúù díẹ̀ mọ́ funfun, búlúù dà lọ́wọ́ mi, ilé tó fẹ́ kùn bí ojú sánmà wá di àwọ̀ yúnifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé. Inú mi ò ṣeé bá gbé. Mo bá ẹlẹ́ran jà. Mo bá Alhaji ọkọ mi jà nítorí pé ó ń mí sókè jù.

Àwọn kan ní ayé ló ń bá mi jà. Dókítà obìnrin kan nílé níbí ló wo ẹyinjú mi tó ti ń yọ síta, ó fọwọ́ tẹ ọrùn mi, ó ní, "Màmá, kì í ṣe ayé. Ọrùn yín ni." Ó ṣàlàyé pé ohun kan wà níwájú ọ̀fun gbogbo èèyàn, tó na apá méjèèjì bí labalábá, òun ló ń sọ fún ara bó ṣe yẹ kó yára tó. Tèmi ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sinmi. Wọ́n fún mi lóògùn, kò gbọ́. Ó ní ó ku ọ̀nà méjì: kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, tàbí kí n gbé ayodíìnì kan, ìyẹn ohun tí ọrùn ń jẹ, tó ń ta ìtànṣán mì, kó lọ bá a nínú ilé rẹ̀.

Rọ́fíà ọmọ mi ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Haidarabáàdì, ní ilẹ̀ Íńdíà, oyún àkọ́kọ́ sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀, Màámi. Ẹ gba ìtọ́jú níbí, kí ẹ sì dúró wẹ ọmọ fún mi." Inú mi dùn. Kí ọmọ Ẹ̀gbá bímọ kí àjèjì máa wẹ̀ ẹ́, nígbà tí èmi ò tíì kú? Mo di kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú sínú ẹrù kí n tó di aṣọ ara mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Fèyí, ní òun ò ní jẹ́ kí n dá lọ. Ọmọ ìyá kan ni wá. Inú ìmàle ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, òun lọ fẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó sì di ìyá ìjọ pátápátá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ẹ̀rù gbogbo nǹkan ló ń bà á láyé, àfi ẹnu ara rẹ̀.

Olúmọ ti ṣáájú wa dé

Bí ọkọ̀ ṣe gbé wa kúrò ní pápákọ̀ òfúrufú ìlú náà ni mo rí òkúta. Òkúta ràgàjì, ọ̀kan lórí èkejì, bí ẹni pé òmìrán kan ń tò wọ́n ṣeré, tí ìyá rẹ̀ wá pè é láti wá jẹun. Mo fọwọ́ lu itan. Mo ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, Olúmọ ti ṣáájú wa dé!"

Àǹtí Fèyí ò wo òkúta. Ó ń bá awakọ̀ wí. Ó ti fi òyìnbó bi í bóyá ọ̀nà ṣì jìn, ọkùnrin náà sì mi orí. Kì í ṣe bí a ṣe ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe bí a ṣe ń mì ín pé rárá. Ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí omi kọ́ sí létí.

"Ọ̀gá, ṣé ó jìn ni àbí kò jìn?"

Ó tún yí orí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Sidi, ẹni yìí ò mọ ọ̀nà," ni Àǹtí sọ fún mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ lábẹ́ ẹnu.

Ó pẹ́ kó tó yé wa pé orí yíyí yẹn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ mo ti gbọ́, ó sì lè jẹ́ màmá ẹ fara balẹ̀.

Ilé tí Rọ́fíà ń gbé yí àgbàlá kan ká. Òun àti ọkọ rẹ̀ wà ní apá kan, wọ́n sì gba yàrá òkè fún èmi àti Àǹtí ní òdìkejì, tó ní fàráńdà tó kọjú sí tiwọn. Àmmà ni wọ́n ń pe onílé náà, ìyẹn ni "ìyá" ní èdè wọn. Opó ni, ó kéré, ó ní òrùka nímú, kò sì gbọ́ òyìnbó kankan. Àǹtí Fèyí náà ò gbọ́ Télúgù tiwọn. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, títí a fi kúrò níbẹ̀ wọn ò sì dákẹ́. Àmmà á sọ tirẹ̀, Àǹtí á fi Yorùbá dáhùn, wọ́n á jọ mí kanlẹ̀, wọ́n á jọ pa ọwọ́ pọ̀. Mi ò tíì rí ọ̀rẹ́ méjì tó gbọ́ ara wọn yé tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ọmọ àbúrò Àmmà wá kí i, gẹ̀ǹdé ọkùnrin tó ga dáadáa, ó rí Àǹtí lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àǹtí fò sókè. Ó rò pé bàtà òun ló fẹ́ gbé. Rọ́fíà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nìyẹn, bí ìdọ̀bálẹ̀ tiwa ni. Nígbà tó yé Àǹtí, ó padà jókòó, ó tún aṣọ ṣe, ó wá na ẹsẹ̀ kejì sí i.

Ilé tí wọn kì í jẹ ẹja

Kí wọ́n tó lè fún mi ní oògùn náà, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ yàgò fún ayodíìnì inú oúnjẹ. Ẹja kò sí. Edé kò sí. Iyọ̀ tó ní ayodíìnì nínú kò sí. Wọ́n ní ebi ayodíìnì gbọ́dọ̀ pa ọrùn mi dáadáa, kó lè hánu gba tiwọn nígbà tó bá dé. Ẹ wo èmi tí mi ò lè jẹ láfún láìsí ẹja lórí rẹ̀!

Ìdílì ni Àmmà ń sè fún wa láàárọ̀. Ó funfun, ó rí róbótó, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí nínú, ó sì kan díẹ̀díẹ̀. Ọbẹ̀ tó máa ń bá a rìn ní ata. Ata ilé wa máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Tiwọn á ti jókòó sínú ilé tán kí o tó mọ̀ pé àlejò dé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹja ń fa ọkàn mi.

Mi ò mọ̀ pé ẹja wà nínú yàrá wa. Àǹtí Fèyí ti di pańla gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ẹrù rẹ̀, ó wé e sínú ìró mẹ́ta. Ó ní òun ò gbé e wá fún mi, ti òun ni, nítorí kò sí ìtànṣán tí òun fẹ́ gbà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó yọ ọ́, ó sì rẹ ẹ́ sómi gbígbóná.

Ẹ jọ̀wọ́, Àmmà kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, ìyá rẹ̀ náà kò jẹ ẹ́ rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé yẹn, òórùn pańla kò tíì wọ ibẹ̀. Nígbà tí mo dé, èéfín tùràrí ti bo àgbàlá, Àmmà fi ìdí aṣọ bo imú, ó ń tọ́ka sókè, ó sì ń bi Rọ́fíà léèrè ọ̀rọ̀ kan léraléra.

Mo ní, "Kí ló ń bèèrè?"

Rọ́fíà ní, "Ó ń bi mí pé ta ló kú."

Àǹtí gbé ìkòkò náà jáde fúnra rẹ̀, ó sì dà á fún àwọn ológbò àdúgbò. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ológbò yẹn bá ti rí ẹni tó ró ìró Yorùbá, wọ́n á tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ìkòkò òjé

Dókítà Padma ló tọ́jú mi. Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín ni, ó ń sọ òyìnbó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ó lè yé mi. Wọn ò jẹ́ kí Rọ́fíà wọlé nítorí oyún, Àǹtí Fèyí ló bá mi lọ. Nígbà tí àkókò tó, wọ́n ti ìkòkò òjé kan wọlé lórí kẹ̀kẹ́. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ó wúwo débi pé ẹni tó ń tì í ń làágùn. Dókítà ṣí i, ó fi ẹ̀mú gígùn yọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Oògùn kan ṣoṣo ni, kò ju ẹ̀wà lọ.

Mo wo ẹ̀mú, mo wo òjé. Mo ní, "Dókítà, ẹ̀yin ò jẹ́ fọwọ́ kàn án, èmi ni kí n gbé e sínú?"

Ó ní, "Èmi, ojoojúmọ́ ni mò ń dúró tì í, fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò pọ̀ lára mi. Ẹ̀yin, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, iṣẹ́ ló sì fẹ́ ṣe fún yín."

Mo ní kó ṣàlàyé kí n tó la ẹnu. Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní gbogbo nǹkan tó wà láyé, hóró tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú ò lè rí ni wọ́n fi ṣe é, átọ́ọ̀mù. Púpọ̀ nínú wọn ti fìdí balẹ̀, wọn ò ní yí padà láé. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí inú wọn ò gún, tí ara wọn ò balẹ̀, ó di dandan kí wọ́n ju nǹkan síta. Ohun tí wọ́n jù síta yẹn ni ìtànṣán. Bí wọ́n bá ti jù ú, wọ́n á di nǹkan mìíràn. Ayodíìnì tèmi yìí, bó bá ti ju tirẹ̀ tán, á di afẹ́fẹ́ kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, tí kì í sì í bá ẹnikẹ́ni rẹ́. Lára ohun tó ń jù síta, apá kan ò lè rìn jìnnà, inú ọrùn mi níbẹ̀ ló ti máa jó ohun tó ń yọ mí lẹ́nu. Apá kejì á la ara mi kọjá bọ́ síta. Èyí ni wọ́n ṣe ní kí àwọn ẹlòmíràn jìnnà sí mi.

Mo ní, "Ìgbà wo ló máa tán?"

"Bí ọjọ́ mẹ́jọ bá pé, ìdajì á ti lọ. Bí ọjọ́ mẹ́jọ mìíràn bá tún pé, ìdajì ìyókù."

Àǹtí Fèyí ní, "Ó ti tán nìyẹn. Ìdajì àti ìdajì, odidi."

"Rárá, Màmá. Ìdajì ohun tó ṣẹ́kù ni. Ìdá kan nínú mẹ́rin ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ìdá kan nínú mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dín kù. Ẹ máa mu omi púpọ̀ pẹ̀lú, ìtọ̀ á kó èyí tó pọ̀ jáde kíákíá."

"Èwo nínú wọn ló máa kọ́kọ́ lọ?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Èyí tó wù ú ló ń lọ."

Mo ní, "Ó ti yé mi. Ìpàdé onílé Kemta ni." Mo sọ fún un pé ní àdúgbò wa, bí alága bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìwọ ò lè mọ bàbá tó máa dìde tí á ní òun ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó pẹ́, ìdajì ti lọ. Kó tún tó pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdajì ìyókù. Nígbẹ̀yìn, á ku alága àti akọ̀wé, tí wọ́n ń wo ara wọn.

Dókítà Padma rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àmọ́ ó máa ń rẹ àwọn onílé yín. Kì í rẹ átọ́ọ̀mù, kì í sì í darúgbó. Èyí tó ti pẹ́ níbẹ̀ àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bákan náà ni wọ́n rí."

Mo jowú átọ́ọ̀mù.

Ó wá bi mí léèrè ìlú mi. Mo ní Abẹ́òkúta, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní àwa méjèèjì ọmọ òkúta ni wá nìyẹn, àti pé irú òkúta bẹ́ẹ̀ ń ta ìtànṣán díẹ̀ láti ìgbà tí ayé ti wà, kò sì pa wá. Ó ní díẹ̀ wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàápàá.

Àǹtí Fèyí ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ó dúró. Ó yọ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó wé e sínú háńkáṣíìfù, kò sì fẹnu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ títí a fi délé.

Mo ní bísímílà, mo gbé e mì. Kò korò, kò dùn. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo wọn ti sún sẹ́yìn.

Oúnjẹ ẹnu ọ̀nà

Wọ́n fi mí sí yàrá kan ní èmi nìkan. Wọ́n fa ilà fún nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Á gbé oúnjẹ sílẹ̀, á kan ilẹ̀kùn, á sì lọ. Nílé wa, ẹni tí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà fún, wọ́n ti bá a parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ń mu omi bí ràkúnmí. Mò ń lá súwíìtì kíkan kí itọ́ máa jáde. Wọ́n ní bí mo bá lo ilé ìgbẹ́, kí n da omi sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo dà á lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n má baà sọ pé ọmọ Ẹ̀gbá ò mọ ìmọ́tótó.

Ọjọ́ kejì ni fóònù mi dún. Àǹtí Fèyí ni, ó ń pariwo bí ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé fóònù.

"Sidi! Omi Rọ́fíà ti dà!"

"Omi wo?"

"Omi ọmọ!"

Oṣù oyún náà ò tíì pé. A ti ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú Dókítà Padma: kí ọmọ tó dé, ìdajì ìdajì á ti lọ tán, màá sì wẹ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò sí níbi tí a ti ń ṣírò. Mo dúró sídìí ilẹ̀kùn, mo di kọ́kọ́rọ́ mú, mi ò sì lè ṣí i. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ń rọbí ní ìlú kan náà tí mo wà, bí mo bá sún mọ́ ọn màá ṣe é níbi. Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sọkún. Mo gbàdúrà. Mo tún mu omi, nítorí òun nìkan ni iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni Àǹtí tún pè. Ó kàn gbé fóònù náà sún mọ́ nǹkan, mo sì gbọ́ igbe. Igbe tín-ínrín, tó bínú sí gbogbo ayé.

"Obìnrin ni," ni Àǹtí wí. "Ó kéré, àmọ́ ó lẹ́nu. Tiwa ni."

Nígbà tí Dókítà wá sídìí ilà láti sọ pé màá jáde lọ́la, mo ti ń di ẹrù. Ó ní, "Ẹ ku oríire. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbé e."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ẹ máa wá, èmi á máa yẹ̀ yín wò. Ẹ̀rọ yìí ló máa sọ. Ẹ jìnnà sí ọmọ náà dáadáa. Bí ẹ bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ohun tó máa kàn án kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Jíjìnnà gan-an ni oògùn rẹ̀."

Ìyá àgbà orí fàráńdà

Báyìí ni wọ́n ṣe fi èmi nìkan sí yàrá òkè, Àǹtí kó lọ sọ́dọ̀ Rọ́fíà. Fàráńdà mi kọjú sí fàráńdà wọn, àgbàlá wà láàárín wa. Àárọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ wẹ ọmọ níta nínú oòrùn ni ìjà bẹ́ sílẹ̀.

Àǹtí Fèyí jókòó lórí àpótí ní fàráńdà wọn, ó ká aṣọ sókè, kànrìnkàn mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmmà náà dé, ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, òróró wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn náà máa ń wẹ ọmọ lórí ẹsẹ̀ bíi tiwa. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ń dúró de ọmọ kan.

Àǹtí ní, "Ẹ ṣeun, Àmmà, a ti ní ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́."

Àmmà yí orí rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì na ọwọ́ gba ọmọ.

Mo pariwo láti òkè tèmi, "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó fi òróró kun ún kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti rí i!"

"Ẹ fa apá rẹ̀! Apá, Àǹtí, kì í ṣe etí!"

"Sidi, ṣé ìwọ lo ń wẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ẹ tún orí rẹ̀ ṣe, orí ti bàbá ẹ̀ ló gbé wá!"

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìtànṣán rẹ ń dé ibí!"

Àǹtí wá fẹ́ ju ọmọ sókè bí a ṣe ń ṣe. Àmmà figbe ta. Rọ́fíà, tó ń ti inú ilé wò wọ́n, jáde pẹ̀lú ọwọ́ níbàdí, ó ní ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé ni, kò sẹ́ni tó máa jù ú sókè, kò sẹ́ni tó máa na ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ orí. Ó pín iṣẹ́ fún wọn bí ọ̀gá iléèwé: kí Àǹtí wẹ̀ ẹ́, kí Àmmà fi òróró pa á lára. Àwọn méjèèjì gbà, wọ́n sì jọ gbójú sí mi lókè bí ẹni pé èmi ni mo dá ìjà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń pe orúkọ nísàlẹ̀, èmi ń dáhùn àmín lókè. Ọjọ́ mẹ́jọ ọmọ ni, mo sì rò ó lọ́kàn pé ìdajì tèmi náà ti lọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Àíṣátù. Wọ́n ní kí ìyá àgbà fún un ní oríkì. Mo pe Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Gbogbo àgbàlá gbọ́ ọ.

Mo lè pa yín lẹ́rìn-ín nípa ọjọ́ wọ̀nyẹn, àmọ́ n ò ní purọ́, apá mi ṣófo. Ní ọ̀sán kan, mo mú ìrọ̀rí, mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, mo gbá ọ̀já, mo ń rìn lọ rìn bọ̀, mo sì ń kọrin fún un. Nígbà tí mo yí padà, Àmmà ń wò mí láti ìsàlẹ̀. Ojú tì mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìdílì gbígbóná wá sí ìdajì àtẹ̀gùn, ó sọ̀ kalẹ̀ padà, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó kángun sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ọmọ tiwọn. Mo jẹun. Mo tún ìrọ̀rí ṣe lẹ́yìn. A wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀.

Mo ń lọ sọ́dọ̀ Dókítà, ó ń gbé ẹ̀rọ sí ọrùn mi. Lákọ̀ọ́kọ́ ẹ̀rọ náà ń ké bí òjò lórí páànù. Nígbà tó yá, ó dà bí adìẹ tó ń ṣá àgbàdo. Nígbà tó tún yá, adìẹ náà ti yó, ó ń ṣá a lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àyà mi náà sì ti ń rọra lù, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Dókítà tẹ́tí sí ẹ̀rọ, ó pa á, ó ní, "Ẹ lọ gbé ọmọ yín."

Mi ò rántí ọ̀nà tí mo gbà délé. Rọ́fíà gbé e lé mi lápá. Ó ti kún, ó ń rùn fún òróró Àmmà àti ọṣẹ dúdú wa. Ó wò mí, ó fajú ro, ó sì tọ̀ sí mi lára.

Àǹtí Fèyí ní, "Kò burú. Ó ti gbẹ̀san gbogbo ọjọ́ tí o fi sá fún un."

Ẹ̀rọ ké

A dúró pẹ́ sí i kí n lè kẹ́ ọmọ mi tẹ́rùn kí a tó gbéra. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìtànṣán. Ẹ̀rọ ò gbàgbé. Ní ìlú àwọn Lárúbáwá tí a ti pààrọ̀ ọkọ̀ òfúrufú, Àǹtí rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà kan, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Èmi rìn kọjá, ó ké. Wọ́n ní kí n padà, kí n tún rìn. Ó ké ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo bojú wẹ̀yìn wá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti dúró sídìí ọpọ́n ńlá kan, ó ń wo òdòdó inú rẹ̀. Agbófinró kan bi í bóyá àwa méjèèjì la jọ ń lọ.

Àǹtí ní, "A kàn jọ wọ aṣọ tó jọra ni."

Ọmọ ìyá mi! Tí a jọ mu ọmú kan náà!

Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ kékeré sún mọ́ báàgì mi, ó dákẹ́. Ó gbé e sí bàtà, ó dákẹ́. Ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí dé ọrùn mi, ó wá ké.

"Kí lẹ fi pamọ́ síbẹ̀?"

"Ọ̀fun mi ni," ni mo wí. "Ọlọ́run ló fi í síbẹ̀." Mo fún un ní ìwé tí Dókítà Padma kọ fún mi pé mo gba oògùn náà. Ó kà á, ó lọ fi han ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin agbófinró kan mú mi lọ sórí àga nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sún jìnnà sí i, nítorí ó ti mọ́ mi lára. Ó sún tẹ̀ lé mi. Ó yọ dàbínù nínú àpò, ó fún mi.

Mo ní, "Ẹ ò bẹ̀rù?"

Ó ní, "Ìyá mi gba irú rẹ̀ rí. Ìwọ̀nba tó kù lára yín, etí ẹ̀rọ wa ló mú jù tó fi gbọ́ ọ. Ẹ jẹun, Màmá."

Wọ́n dá mi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín àti ìdúpẹ́. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, Àǹtí Fèyí ti dì mọ́ mi.

"Sidi! Mo ti ń gbàdúrà fún ẹ láti ọ̀ọ́kán!"

Kemta

Bí Àǹtí ṣe ní òun ò mọ̀ mí lọ́hùn-ún, ó mọ̀ mí nígbà tí a délé. Gbogbo Kemta ló sọ ọ́ fún, bí ẹ̀rọ ṣe ké, bí ìbọn ṣe pọ̀ tó, bí òun ṣe dúró tì mí gbágbáágbá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láti òdìkejì títì. "Ẹ kú àbọ̀ o, Alhaja!" wọ́n á sì yára kọjá. Mo ń ṣàlàyé fún wọn pé ìtànṣán kì í ràn bí ikọ́, pé ohun tó wà lára mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni mà, wọ́n á tún sún sẹ́yìn. Ọkùnrin kan ti Owódé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun gbọ́ pé mo ní pẹ́ẹ̀ǹtì kan tó ń dá tàn, òun fẹ́ fi kun ilé adìẹ òun kí owó iná lè dín kù.

Èyí tó burú jù ni Ìyá Gàníyù, tó ń ta búrẹ́dì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé tábìlì rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ní búrẹ́dì ò fẹ́ irú rẹ̀. Bí mo bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún, á kọjá sápá òsì.

Ní ọ̀sán kan tí oòrùn mú gan-an, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé ó ṣìnà ni. Ó fi ìborùn nípọn wé ọrùn nínú ooru yẹn, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó wo àwọn garawa pẹ́ẹ̀ǹtì bí ẹni tó fẹ́ rà.

"Ẹ kú ọjà, Alhaja."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Gàníyù. Ṣé kò sí?"

Ó wo títì bóyá ẹnì kan ń wò ó, ó sì tú ìborùn náà. Ọrùn rẹ̀ ti wú. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, mo sì rí bí ẹyinjú ṣe ń yọ.

Ó ní, "Gbogbo ilé ló ní mo ti di oníjà. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí." Ó fọwọ́ kan ọrùn náà. "Ohun tí wọ́n fún yín lọ́hùn-ún yẹn, ṣé ó máa ń dunni?"

"Kò dunni. A ò tíì mọ̀ bóyá òun lẹ nílò pàápàá. Dókítà ló máa sọ."

"Èmi ò lè dá lọ bá dókítà."

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo dá kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró, mo wọlé, mo sún lọ sí ìkángun àga kí àyè lè pọ̀ fún un láti jìnnà sí mi bó ṣe fẹ́. Ó wọlé. Ó wo àyè tó wà láàárín wa. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ ní kí a sún, ẹnì kan ṣì ń bọ̀. Ìyá Gàníyù ní, "Kò sí ẹlòmíràn, àwa méjèèjì la máa sanwó rẹ̀," ó sì sún mọ́ mi títí ejìká rẹ̀ fi kan tèmi. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ já sí kòtò, ó di ọwọ́ mi mú. Ọ̀nà ti dán lẹ́yìn ìyẹn, kò sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀.